Omi Tí Mo Dà Sílẹ̀ ní Moshie Zongo

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ní kó má bá mi tún un ṣe o. Ìtìjú tó bá wà níbẹ̀, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Kumasi ní ilẹ̀ Gánà la wà nígbà náà. Ọdún ebi burúkú yẹn ti kọjá, oúnjẹ ti ń padà sọ́jà díẹ̀díẹ̀, mo sì ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Kejetia. Tafo là ń gbé. Yorùbá ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ máa ń sọ pé Jésù ò kú fún Yorùbá nìkan. Nítorí náà, bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, àwa ìyá ìjọ á pín ara wa ní méjì-méjì, a ó lọ wàásù fún àwọn ẹ̀yà mìíràn.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ẹ̀rù oúnjẹ wọn ń bà wá. Wọ́n ti kì wá nílọ̀ pé ká má fẹnu kan nǹkan nílé ẹni tí kò tíì gbàgbọ́, torí a ò mọ ohun tí wọ́n fi bọ. Bẹ́ẹ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n bínú sí wa. A wá ní ọgbọ́n kan láàárín ara wa. Bí wọ́n bá gbé omi fún ọ, gbà á, fi kan ètè, dúpẹ́. Bí onílé bá yíjú, rọra dà á sẹ́yìn àga.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Alábọ́, òùngbẹ ò ní gbẹ ilẹ̀ tí ẹ bá jókòó sí láé!"

Sátidé kan, èmi àti Ìyá Fọlá la jọ lọ sí Moshie Zongo, àdúgbò àwọn ẹ̀yà Moshie. Oòrùn mú gan-an. Ìyá Fọlá pàdé oníbàárà rẹ̀ kan lójú ọ̀nà, ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Èmi wọ agboolé tó kàn.

Ó dákẹ́ jù. Agboolé tó tóbi tó yẹn, ẹ ò gbọ́ igbe ọmọdé kan ṣoṣo? Ó yẹ kí n ti fura.

Ìyá arúgbó kan jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ilà àwọn Moshie wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní, "Akwaaba, Aláàtá." Aláàtá ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Èdè Twi ti ìlú Kumasi ló ń sọ, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Mo jókòó. Mo ní ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá.

Ó ní, "Mo mọ ibi tó o ti wá. Ọmọ mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mààtá lẹ̀ ń pè é."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi fò sókè. Mààtá! Ọmọ Moshie kan ṣoṣo tó wà nínú ìjọ wa, òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í dárúkọ ará ilé rẹ̀ rárá. Ohun tá a mọ̀ ò ju pé wọ́n lé e jáde nígbà tó ṣèrìbọmi.

Ìyá náà ní, "Mo fẹ́ rán ọ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí n ó fi rán." Ó na igbá kan sí mi. "Ṣùgbọ́n mu omi ná. Nílé tiwa, àlejò kì í gba iṣẹ́ kó tó mu omi."

Omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun jéró mọ́ ni. Igbá náà tutù bí ọyẹ́, nínú oòrùn yẹn!

Ẹ wá wo èmi. Ṣé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ni mo ń rò? Rárá o. Bí n ó ṣe fa ìyá Mààtá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo ń rò, tí gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́ fún mi. Ni mo bá kì ìwàásù mọ́lẹ̀. Ọ̀run àpáàdì, iná, ẹkún àti ìpayínkeke, mo tú gbogbo rẹ̀ jáde.

"Mu omi," ló ń sọ. "Jọ̀ọ́, Aláàtá, mu omi."

Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi igbá kan ètè, mo sì rọra da omi náà sẹ́yìn mi.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀ mu ún. Kì í ṣe bí omi ṣe ń rin ilẹ̀ o. Gbọ́lọ́, gbọ́lọ́, bí ọ̀fun èèyàn.

Ìyá náà yíjú padà. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó ní, "Háà. O ti dà á fún mi. Ó parí nìyẹn."

Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rán mi ńkọ́?"

Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí náà mọ́.

Ariwo àwọn ọmọdé bá sọ lójijì. Obìnrin kan tó pọn ọmọ jáde láti yàrá, ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá arúgbó tó jókòó síbí ni. Ó wo àpótí, ó wo ilẹ̀ tó tutù. Ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Maame, ẹ ṣeun. Láti ìgbà ọyẹ́ la ti sin ín. Àwọn ọkùnrin ilé ti di Mùsùlùmí, wọn ò jẹ́ ká da omi fún un. Òkú wa tí kò bá tíì mu omi, á ṣì máa rìn, á máa bá alààyè sọ̀rọ̀. Tó bá ti mu ún, ó lọ nìyẹn, kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ta ló kọ́ ẹ̀yin Aláàtá ní àṣà wa?"

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo wo ọwọ́ mi. Igbá ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ṣì wà níka mi. N ò lè sọ fún un pé ìríra ló mú mi da omi ìyá wọn nù.

Ìyá Fọlá yọjú. "Ìyá Alábọ́, ẹ mà pẹ́ o! Ṣé ẹ ti bomi rin ilẹ̀ wọn?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fà á lọ́wọ́, a jáde.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Mààtá bí òkú ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ rán mi sí i. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Kò sunkún. Ó ní, "Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ fún mi?"

Mo fẹ́ purọ́. Ó ti dé ètè mi pé ìyá ẹ ní òun ti dárí jì ọ́. Ta ni ìbá mọ̀?

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé ẹ mu omi wọn?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Háà." Bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ.

Títí tá a fi kúrò ní Kumasi, òun ló máa ń bu omi fún mi lẹ́yìn ìsìn. Á dúró, á máa wo ọ̀fun mi títí n ó fi mu ún tán. Bóyá ìdáríjì ni ìyá rẹ̀ fẹ́ fi rán mi ni o, bóyá èpè ni, n ò mọ̀ títí dòní, òun náà ò sì mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ wàásù nílé onílé, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ ò bá ní mu omi wọn, ẹ kọ̀ ọ́ lójú wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kọ̀. Ẹ má fi kan ètè lásán. Ẹ ò mọ ẹni tó gbé e fún yín.