Ìdọ̀bálẹ̀ Níyìọlá

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ẹ̀kọ.

Lọ́dún 1993, Níyìọlá ti Láìbéríà dé, wọ́n ní kó bọ́ṣọ sójà sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọmọkùnrin tí ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gba yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ wo ló wà ní Àpápá tí kò kàn? Bàtà tó fi jagun ló fi ń wáṣẹ́ kiri Malu Road títí ó fi lu. Wọ́n á rí bó ṣe dúró gbọnrangandan, wọ́n á ní àyè ti kún. Ní Kírìkírì, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, fóòmàn Akínsànyà kò tilẹ̀ fi bò.

"Mi ò gba sójà. Ẹ kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, sàlúùtù lẹ mọ̀. Bí mo bá bá ọ wí, ṣé o ò ní sọ pé kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́?"

Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín.

Àfi gbàù! Irin já bọ́ láti orí kéréènì tó ń gbé ẹrù sókè. Ó dún débi pé obìnrin tó ń dín ẹja ní Snake Island, lódìkejì omi, da epo rẹ̀ nù. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, Níyìọlá ti nà gbalaja níwájú fóòmàn, àyà mọ́lẹ̀, imú nínú iyanrìn.

"Háà! Ẹ wo ìdọ̀bálẹ̀! Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kì í nà tó báyìí. Dìde, ọmọ mi. Ìwọ àti Linus, lébìrà mi yìí, lẹ máa jọ gbé àpótí."

Níyìọlá gbọn iyanrìn nù, ó tẹ̀lé Linus. Iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bí òun àti Linus ṣe gbé àpótí àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ lọ sókè sí kéréènì. Bí irin mìíràn bá já ńkọ́? Ilẹ̀ lòun máa wà. Àpótí náà ńkọ́? Orí ẹsẹ̀ Linus ni.

"Linus, rọra sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ah-ah, sójà, you don tire? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe jagun ọ̀hún?"

Ó padà lọ bá fóòmàn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin kọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Mo ṣe bí ìbọn ló dún ni. Bí irin bá tún dún, màá tún dojú bolẹ̀, àpótí á sì já lé Linus."

Ó ti gbà pé ilé ló kàn. Fóòmàn bi í léèrè:

"Ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bí ìyá yàrá kejì bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń fà mí jáde, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó wà lókèèrè yẹn. Okùn ni wọ́n ń so níbẹ̀, omi nìkan ló ń dún."

Níyìọlá dúró díẹ̀. Irin kankan ò já. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀ pátápátá.

"Èyí ni tiyín, sà."

Obìnrin tó ń dín ẹja ní Snake Island nìkan ni mo fi kún un. Mo sọ ọ́ nítorí pé eyín kan ti ń mì.