Wọ́n ti kọ́ Senami ní dídákẹ́

Ọmọ-ọmọ mi tí kì í dákẹ́ kò dá mi lóhùn lónìí.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Senami. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi ní Ajido, òun ló ń bá mi ṣa ẹja kí n tó yan án, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, á sì máa bi mí ní ìbéèrè títí á fi sú mi.

Mo gbé ẹja lọ sílé òun àti ìyá rẹ̀ ní Aradagun. Mo tò ó síwájú rẹ̀.

"Ìyá mi kékeré, èwo ló tóbi jù?"

Ó fi ìka lé ètè, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo bi ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí: "Kí ló ṣe é?"

"Màámi, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn. Kì í yọni lẹ́nu mọ́. Ó ti ń kọ lẹ́tà."

"Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó ṣeré?"

"Eré kẹ̀? Àbí ẹja lẹ fẹ́ kó máa ṣà dàgbà ni?"

Owó ẹja yẹn náà ni mo fi rán ìyá Senami níléèwé o. Mo gbé agbọ̀n mi, mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kó má béèrè nǹkan mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́n? Ẹ bá mi dá sí i, torí ọmọ mi ò gbọ́ tèmi.