Ẹ́kò Tí Mo Dà Sínú Yàrà

Tí ẹ bá bi ìyá mi pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó ń ṣe spíkà." Tí ẹ bá wá bi wọ́n nípa ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wọ yunifásítì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á kọ́kọ́ fún yín lága.

Físíìsì la jọ ń kà. Lọ́dún kejì, mo ní kí n sinmi díẹ̀, sẹ́mẹ́sítà kan péré. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí, mo ṣì ń sinmi. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Oregun ni mo ti ń sinmi ọ̀hún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike, à ń kan àpótí spíkà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Tó bá di Sọ́ńdè, èmi ni mo máa ń jókòó ti míksà, ẹ̀rọ tá a fi ń darí ohùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan l'Ágége.

Ohun kan wà tí gbogbo àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀: kó o tó ṣe ohunkóhun, ẹ́kò ni wàá kọ́kọ́ ṣí. Ẹ́kò ló ń jẹ́ kí ohùn wòlíì máa sáré tẹ̀ lé ara ẹ̀ kiri inú ilé: "Halelúyà... lúyà... yà." Tó ò bá ṣí i, wòlíì á bojú wẹ̀yìn wò ẹ́, ìjọ náà á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á ní ohùn ò lágbára. Mo ti fi ẹ́kò sí ìfilọ̀ rí, pé kí ẹni tó gbé mọ́tò dí géètì jọ̀ọ́ lọ gbé e kúrò. Ẹni yẹn sáré jáde bíi pé ìdájọ́ ìkẹyìn ti dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù, tòun ti awò ojú àti báàgì láptọ́ọ̀pù. Ìyẹ̀fun pákó ti bo gbogbo orí mi.

"Aláyé, o ti ń hewú?"

"Ọgbọ́n ló ń hù. Ìwọ ńkọ́, ṣé ìwé ti jẹ ojú ẹ tán ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa pákó kan, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún oyè dókítà ẹ̀ ní yunifásítì. Ìlú àtijọ́ kan wà lọ́nà Ìjẹ̀bú tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ yàrà yí ká nítorí ogun. Ó ní yàrà náà jìn débi pé ilé alájà méjì á wọ ibẹ̀, òrùlé ò ní yọ. Ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó fẹ́ bàlúùnù tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọdé, ó fi abẹ́rẹ́ gún un, ó sì fi maìkì gba bí ariwo yẹn ṣe rìn lára ògiri yàrà. Ó lọ síwájú díẹ̀, ó tún fọ́ òmíì. Kọ̀ǹpútà á wá fi ìyẹn mọ bí yàrà ṣe ń gbé ohùn. Tó o bá sọ̀rọ̀ sínú maìkì l'Ékòó níbí, ohùn ẹ á jáde bíi pé ìsàlẹ̀ yàrà lo dúró sí, níbi tí àwọn jagunjagun ń gbà kọjá láyé ọjọ́un.

"Ṣé nítorí bàlúùnù fífọ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ pè ẹ́ ní dókítà?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo létí nínú àwa méjèèjì! Nílé ẹ̀kọ́, tí fáànù kan bá fẹ́ kọṣẹ́, èmi ni màá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òun, tí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta kò ní gbọ́. Òun ló wá ń fetí sí àwọn tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ń fetí sí wòlíì.

Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà tó wà l'Ékòó fẹ́ ṣèpàdé ní gbọ̀ngán kan ní Allen, òun sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ òun. Àwọn àgbà ibẹ̀ ló máa sọ bóyá wọ́n á jẹ́ kóun padà sínú yàrà wọn lọ parí ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ọdún mẹ́ta wọgbó nìyẹn. Spíkà wa ló fẹ́ lò, èmi ló sì fẹ́ kó wà nídìí míksà.

"Ẹlòmíì ò sí ni?"

"Ẹlòmíì wà. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó kéré tán wàá wọ ibi tí wọ́n ti ń sọ nǹkan gidi. Wẹ̀ o. Má ṣàwàdà kankan o."

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó ní ká ta kọ́tìnì tó nípọn bo gbogbo ògiri, kí gbọ̀ngán má baà fi ohùn tiẹ̀ kún ti yàrà. Bá a ṣe ń ta á lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tá a fi máa tan jẹnẹrétọ̀, àwọn èèyàn ti jókòó tán, a ò ráyè dán nǹkan kan wò. Mo tan míksà. Ọwọ́ mi, láì gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, lọ ṣí ẹ́kò.

Ọ̀rẹ́ mi gba maìkì. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá."

"...ìyá... yá... á," ni spíkà ń wí.

Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yàrà kọ́ nìyí, Agége ni! Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì tí mo fẹ́ fi pa á, ni gbogbo gbọ̀ngán bá pàtẹ́wọ́. Ìyá kan dìde: "Ẹ gbọ́ ohùn àwọn baba wa!" Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń wo láptọ́ọ̀pù, ó ń wo spíkà, ó mọ̀ pé nǹkan kan ṣe, kò mọ ohun tó ṣe. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí. Mo mú ìka mi kúrò. Mo ní kí dókítà wá a fúnra ẹ̀.

Bàbá kan wà níwájú, àwọn ni wọ́n dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà, ẹnu wọn ni gbogbo èèyàn ń wò. Wọ́n ní ká gbé maìkì wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n tẹ́tí, wọ́n mi orí.

"Ọmọ mi, ibẹ̀ kọ́ nìyí. Mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ṣẹ́gi nínú yàrà yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Yàrà yẹn kì í dá èèyàn lóhùn. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ̀rọ̀ lókè, bíi pé wọ́n fẹnu kan etí mi ni, á sì tán síbẹ̀. Èyí tó ń han gooro yìí, níbo lo ti rí i?"

"Ó ní láti jẹ́ pé yàrà ìlú ẹlòmíì ló lọ fọ́ bàlúùnù ẹ̀ sí," ẹnì kan sọ látẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mò ń retí kí ọ̀rẹ́ mi yíjú padà, kó nàka sí mi. Èmi ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán. Ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, sà. Bí ẹ ṣe wí gan-an ló rí lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe nínú iṣẹ́ náà."

Ẹ má rò pé àánú ẹ̀ ṣe mí. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó tún dáa jù mí lọ nínú èyí náà. Àní mo jowú ìdọ̀bálẹ̀! Mo dìde lẹ́yìn míksà.

"Bàbá, èmi ni o. Ẹ́kò ni mo ṣí sí i."

"Kí ló dé?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́, sà. Ọwọ́ mi ló ṣí i."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀, ǹ bá jókòó, àmọ́ ẹnu mi náà kì í gbàṣẹ. "Mo tètè gbọ́ ọ, mo sì fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé tó o fi í sílẹ̀?"

"Owú ni, sà."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Bàbá nawọ́ sí míksà. "Pa á, ká gbọ́."

Mo pa á. Wọ́n gbé maìkì súnmọ́ ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí, igi tèmi ò tíì pé." Ohùn náà jáde lásán, ó súnmọ́ wa bí ẹni tó jókòó tì wá, ó sì tán. Bàbá ò gbé maìkì sílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nawọ́ gbà á, bàbá ò fún wọn.

"Ibẹ̀ nìyẹn," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kó padà lọ parí ẹ̀."

Nígbà tí gbọ̀ngán ṣófo, ọ̀rẹ́ mi bá mi ká wáyà, ó ń ká a bí ẹni ń wé gèlè.

"O gbọ́ ọ kí bàbá tó gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ."

"Èmi ò gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta, mi ò mọ ẹ́kò yàtọ̀ sí yàrà." Ó ju wáyà sílẹ̀. "Bá mi lọ sínú yàrà. Etí ni mo nílò."

"Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni."

Mo lọ. Ìfẹ́ kọ́ ló gbé mi lọ o, mo fẹ́ rí ohun tó ń jẹ tí èmi ò jẹ ni. Ilẹ̀ pupa ga sókè lápá ọ̀tún, ó ga lápá òsì, ewé bo òkè. Mo fọ́ bàlúùnù àkọ́kọ́: pà, ó tán. Mo wá figbe ta: "Èmi ni mo létí jù!" Yàrà gbé e mì.

Ọ̀rẹ́ mi náà gbójú sókè, ó kígbe: "Èmi ni dókítà!"

Mo tẹ́tí sí i dáadáa, torí tí yàrà bá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ ni mo máa wọ̀ padà sí Oregun. Kò dá òun náà lóhùn. Mo mú bàlúùnù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.