Èéfín Nínú Bàálù Kánò

Ọdẹ ni bàbá mi ní Tẹ̀dé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fín èéfín sínú ihò òkété ti ní kí ẹlòmíì dúró lójú ihò kejì pẹ̀lú kùmọ̀. Nítorí náà, nígbà tí èéfín yọ nínú bàálù tó ń gbé wa láti Èkó lọ sí Kánò, tí ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ bàálù ní kí gbogbo wa tẹríba, kí a fi aṣọ tútù bo imú, ara fu mí. Kí ló dé tó jẹ́ àwa nìkan ni ká tẹríba? Ó tún ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò, bí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Wọn kì í fi èéfín mú ọmọ ọdẹ. Mo dìde.

Kí n tó la ẹnu, èéfín ti dí mi lọ́fun.

"Ẹ tẹríba, sà!" Ó tẹ orí mi mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ti ewúrẹ́ wọlé.

Nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ àga, afẹ́fẹ́ dára. Síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́. Mo yọjú wo ọmọbìnrin náà. Ìdúró ló wà, nínú èéfín gan-an, ó ṣí ilẹ̀kùn tó ti fọwọ́ kàn wò bóyá ó gbóná náà díẹ̀, ó ń fín oògùn ìpaná sí sìgá tí aláìmòye kan jù sínú ike pàǹtí ibẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n tẹríba, ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí ni mo kọ́kọ́ ń wò.