Làákàyè àti Ẹyín Iná Ìyá Mi

Kò sí ẹni tó ní làákàyè tó mi láti Awoye dé Igbokoda. Ẹja pàápàá, kó tó wọ àwọ̀n, á kọ́kọ́ yọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, á gba ìmọ̀ràn.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá so ọkọ̀ láìwo ibi tí omi ń fà sí, á ní, "Lo làákàyè ẹ." Bí mo bá fẹ́ fi ọwọ́ lásán yọ ẹja ẹlẹ́gùn-ún nínú àwọ̀n, bákan náà ni. Kì í ṣe ìwé ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí ọwọ́ dúró ná, kí orí lè bá a. Àgbà ló sì ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ọmọ tó bá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ti bú u nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ti dàgbà tó ẹni tó ń dá ọkọ̀ wà, epo rọ̀bì ṣàn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa epo lójú òkun. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilé wa, ilé pákó orí òpó. Ìyá mi yan ẹja tán, ó kó ẹyín iná sínú àwo irin, ó fẹ́ dà á sómi láti ẹnu ọ̀nà, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Mo dí ẹnu ọ̀nà náà.

"Ìyá, ẹ má dà á."

"Kí ló dé? Ṣebí omi ló ń pa iná."

"Epo wà lórí ẹ̀."

"Ìwé kẹta tí o kà ló sọ fún ọ pé omi ń jó? Yà lọ́nà fún mi, tíṣà."

N kò yà. Bí ilé wa bá gbiná, ilé yòókù á bá a lọ, nítorí afárá pákó kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ fi làákàyè wò ó." Mo fi "ká jọ" sí i kó má baà dà bí èébú. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó dúró.

Mo ki àkísà bọ ojú omi, mo fún un, mo fi kan ẹyín iná. Iná náà ga ju igi àgbọn lọ, ó jó irùngbọ̀n aládùúgbò kan tó ń kọjá nínú ọkọ̀. Ìyá mi da ẹyín iná rẹ̀ padà sínú ààrò, ó fi eérú bò ó. Ó bọ́ sórí afárá, ó ń lọ láti ilé dé ilé: "Ẹ má da iná sómi lónìí o. Ẹ lo làákàyè yín."

Obìnrin kan bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Orí mi ni."

Iná tó ga ju igi àgbọn lọ, àti irùngbọ̀n tó jó, èmi ni mo fi wọ́n sí i. Iná orí àkísà yẹn kò ga ju ìka mi lọ, eérú ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo sì fi pa á. Ṣùgbọ́n ó jó.