Owó Tó Wà Lórúkọ Ìyá Àlímọ̀t

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń fi ojú ènìyàn rí, ẹ má wulẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú. Iwájú ilé mi ní Òkè Àrin ni kí ẹ wá jókòó sí nígbà tí ìwé owó-orí bá jáde. Akọ̀wé ìṣirò owó ni mí ní ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan ní Máríínà, ṣùgbọ́n kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn tó ń dúró dè mí á ti kún orí bẹ́ǹṣì. Opó tí ìjọba ṣì ń kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ tó ti kú, akápò ìjọ, àwọn ọmọ bàbá kan tó ń gba owó ilé tí wọn ò mọ ẹni tó yẹ kó san owó-orí lé e lórí. Wọn á tú ìwé jáde láti etí ìró, ìwé tó ti rún wómúwómú, wọn á ní, “Akọ̀wé, ẹ gbà wá.” Mo máa ń kanra mọ́ wọn gan-an. Wọn á bẹ̀ mí, wọn á ní àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọn á tún ká ìwé mọ́ etí ìró.

Ìyá Àlímọ̀t kì í ṣe irú wọn. Àdìjátù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Opó ni, inú agboolé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé, ó sì ń ta ṣúgà àti mílíìkì alágolo ní ọjà wa. Kì í pariwo, kì í bá ènìyàn jà lórí ẹ̀dínwó, kì í sì í jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òun ni akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí kan ní àdúgbò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lọ́dún tó tẹ̀ lé èyí tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, ó wá bá mi pẹ̀lú ìwé kan.  Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ọ́fíìsì owó-orí ló kọ ìwé náà. Wọ́n ní obìnrin tó sọ pé èrè òun kò tó èyí tí wọ́n ń gba owó-orí lé lórí, báwo ló ṣe rí owó ra ilẹ̀, tí owó tún ṣẹ́kù sí báńkì fún un? Kó wá ṣàlàyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò gbé e lọ sí kóòtù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹgbẹ́ wọn ló rà á láti fi kọ́ ilé kéú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa fi owó sí báńkì, àwọn ará báńkì béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ ò sì ní ìwé kankan, àdúrà àti sàárà ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ni gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n kọ orúkọ Àdìjátù, ẹni tí kò lè jalè. Bí owó ẹgbẹ́ ṣe di owó ẹnì kan nìyẹn. Tí n bá ní kí n máa ka irú rẹ̀ tí mo ti rí ní Èkó yìí, ilẹ̀ á ṣú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akọrin, ẹbí tó jọ ni ilé, orúkọ ẹnì kan ṣáá ni wọn á kọ síbẹ̀, wọn á sì lọ sùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé owó ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kì í ṣe èrè ẹnikẹ́ni, ìjọba kì í bu owó-orí lé e. Kí bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ sáà ti fọwọ́ sí ìwé pé tiwọn ni, èmi á bá a mú un lọ. Bàbá ìsàlẹ̀ wọn ni Alájì Ṣàíbù tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Bí mo ṣe dárúkọ Alájì yìí, ojú obìnrin náà yí padà. Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

“Akọ̀wé,” ó ní, “kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni tẹgbẹ́.”

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti ń kó owó tara wọn náà fún un pa mọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, ẹnì kan ò mọ̀ pé ẹnì kejì ń ṣe é. Owó tí wọ́n ń rí lórí ọjà wọn ni, tí wọn ò fẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀. Òun náà á dà á pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́, á kó o lọ sí báńkì, orí ló sì fi ń ṣírò ti oníkálukú. Ó ti fi Kùránì búra fún wọn pé òun ò ní dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni. Ṣàíbù mọ iye owó ẹgbẹ́ dáadáa. Bó bá rí i pé èyí tó wà ní báńkì ju bẹ́ẹ̀ lọ, á béèrè ẹni tó ni ìyókù, bẹ́ẹ̀ inú ilé rẹ̀ gan-an ni díẹ̀ nínú owó náà ti wá.

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé owó tí wọ́n fi pa mọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ kì í ṣe èrè rẹ̀, kò sí owó-orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó ni ín. Kí àwọn obìnrin náà wá tẹ̀ka sí ìwé, ọ̀rọ̀ parí. Ó fi àáké kọ́rí. Mo ní tí kò bá dárúkọ wọn, tirẹ̀ ni yóò jẹ́ lójú òfin. Yóò san owó-orí rẹ̀ àti owó ìtanràn, ọjọ́ tó bá sì kú, àwọn ajogún rẹ̀ yóò pín in, kò sí obìnrin tó lè yọjú pé òun ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ká lọ bá Alájì.

Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni Ṣàíbù. N ò gbọ́ kó pariwo rí. Ó kàn máa ń wo ènìyàn ni, á máa wò ó títí ẹni náà á fi sọ ohun tí wọn ò bi í. Ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ó wo iye tó wà ní báńkì, ó fọwọ́ sí èyí tí í ṣe ti ẹgbẹ́, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ẹni tó ni èyí tó kù. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn Ìyá Àlímọ̀t.

“Tèmi ni, Alájì,” ó ní.

Ṣàíbù wò ó pẹ́. Ó ní àwọn ò mọ̀ pé akápò àwọn lówó tó báyìí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ò tù mí lára rárá.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ò ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Ó ń san owó-orí owó tí kì í ṣe tirẹ̀, agolo mílíìkì sì ń dín kù lórí àtẹ rẹ̀. Ìròyìn owó náà tàn, àwọn tí kì í kí i nínú agboolé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ló bá fi irin tuntun sí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ikú gan-an ló ń bẹ̀rù. Bó bá wúkọ́, á wá bá mi. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́, bó bá sì fẹ́ sọdá títì, á dúró títí àwọn ẹlẹ́rù á fi máa bú u. Ó bẹ àwọn obìnrin náà kí wọ́n gba owó wọn, àwọn náà bẹ̀ ẹ́ padà, pé ibo ni àwọn fẹ́ fi í sí? “Akọ̀wé, bí mo bá kú lónìí ńkọ́?” Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún un, pé kó dárúkọ wọn. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àtẹ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bí kò bá tíì pàtẹ, àyà mi á já.

Òun kọ́ ló kú. Ganiat ló kú, ìyàwó kékeré Ṣàíbù. Ibi ìkúnlẹ̀ ni, tòun tọmọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fìdáù tán, Ìyá Àlímọ̀t wá, ó sì dárúkọ ẹnì kan fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ganiat ní owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi í pa mọ́ nítorí Morufat, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí bàbá rẹ̀ sì ní ìwé tó kà tó, kó wá jókòó sí ìsọ̀. Ìyá Àlímọ̀t bi mí léèrè ẹni tó ni owó náà báyìí. Mo ní nínú ìwé, tirẹ̀ ni, kò sì sí alààyè tó mọ̀ àfi àwa méjèèjì, kó rọra kó o fún ọmọ náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jí ẹní mọ́ṣáláṣí.

“Ganiat ní ajogún, Akọ̀wé. Ọlọ́hun ti pín in, ọkọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù wà níbẹ̀. Ẹ̀rù Ṣàíbù ń bà mí o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni mò ń lọ.”

Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé Ṣàíbù, obìnrin tí kì í bọ ọkùnrin lọ́wọ́ yìí di apá mi mú, kò sì tètè jù ú sílẹ̀. Hàwáwù, ìyáálé, ló gbé omi wá fún wa ní pálọ̀. Ìyá Àlímọ̀t ò mu omi. Ó sọ iye tí Ganiat fi pa mọ́, ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún Morufat, ó gbé owó náà kalẹ̀ síwájú Alájì kó lè pín in fún àwọn tó ni ín.

Ṣàíbù rán an létí pé níwájú òun ló ti sọ pé tirẹ̀ ni owó náà. Ìyá Àlímọ̀t ní irọ́ lòun pa. Alájì béèrè ẹni tó ni èyí tó kù. Obìnrin náà ní tòun ni.

Ọkùnrin náà wo owó tó wà níwájú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò purọ́. “Mò ń bọ́ Ganiat,” ó ní. “Mò ń dáṣọ fún un. N ò gbá a létí rí. Kí ló ń bà á lẹ́rù tí ò fi lè sọ fún mi?”

“Ẹ̀yin ni, Alájì.”

 Alájì gbójú kúrò lára wa, ó yíjú sí ìyáálé rẹ̀ tó dúró ti ògiri pẹ̀lú àwo omi, ó bi í pé, “Ṣé ẹ̀rù mi ń ba ìwọ náà?”

“Rárá o, Alájì,” ni Hàwáwù wí. Ó yára sọ ọ́, ife sì ń kọlu ife nínú àwo tó gbé dání. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ìyá Àlímọ̀t ló ń wò, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn ni mo sì mọ ẹlòmíràn tí owó rẹ̀ wà nínú èyí tó kù.