Nígbà Tí A Pààrọ̀ Jíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Màmá Mi

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó nínú ọkọ̀, màmá mi ní pikọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti Iwaraja lọ sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Iléṣà là ń gbé, ní gbogbo Sátidé, èmi àti Kẹ́mi àbúrò mi a máa bá a lọ. Orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń jókòó sí, oje rẹ̀ á ba aṣọ wa jẹ́. A ó máa jẹ bọ̀ọ̀lì gbígbóná, a ó sì máa du ọkọ̀ tó bá yà wá sílẹ̀: "Tèmi nìyẹn!" Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà ṣe eré yìí, ẹ má purọ́.

Wahálà wa ni òkè kan tó wà kí a tó dé Iléṣà. Bí ẹrù bá kún, ọkọ̀ náà á dé ìdajì òkè, á wá máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Iṣẹ́ tiwa ni ká bẹ́ sílẹ̀, ká gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Ẹni tó bá fi falẹ̀ á kúnlẹ̀ nígbà tí a bá délé, á gbé ọwọ́ sókè.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, òkúta yọ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo fa Kẹ́mi ní ọrùn aṣọ, a jọ ṣubú sínú koríko. Táyà gba ibi tí Kẹ́mi dúró sí kọjá, ọkọ̀ sì lọ fi ìdí gún bèbè ọ̀nà. Mo rò pé màmá mi á nà wá ni. Ńṣe ló jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó gbá àwa méjèèjì mọ́ra, ó ń sunkún. "Mi ò ní fi ọmọ dí táyà mọ́ láéláé."

Ó ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Délé, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ìyẹn yẹ ọkọ̀ wò, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ́ńjìnnì yín ò ṣàìsàn. Jíà ẹ̀yìn ni kò bá ẹrù yín mu." Ó ṣàlàyé pé láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, irin eléyín kékeré kan ló ń yí ńlá kan. Bí a bá fi èyí tí eyín irin ńlá rẹ̀ pọ̀ sí i rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á tètè gbéra, á lágbára, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ á dín kù lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. "Ẹni tó ru ẹrù gòkè kì í la ẹsẹ̀ gbọ̀rọ̀," ó ní.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ bí ẹran, fajú ro. "Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé máa yà wá sílẹ̀ ni?"

Màmá mi fi orúkọ mi pè é, ó rọra dáhùn. "Bàbá Ṣadé, eré tí kò lè gòkè, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Bàbá mi wo orúnkún Kẹ́mi tó bó. Ó ní, "Délé, pààrọ̀ rẹ̀."

Ara àlòkù ọkọ̀ kan ni Bọ̀dá Délé ti yọ jíà náà. Èmi àti Kẹ́mi la fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ọ́ìlì dúdú kún wa dé ìgúnpá. Ìyá àgbà tó ń gbé pẹ̀lú wa kò jẹ́ ká súnmọ́ iyán òun: "Ẹ lọ fọ ọwọ́ yẹn títí á fi rántí pé ọwọ́ lòun!"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi bá wa lọ. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀ òkè, Kẹ́mi ti gbá òkúta mọ́ àyà. "Jù ú nù," ni màmá mi wí. "Jókòó." Ẹ́ńjìnnì ké, òkè sì ń kọjá lábẹ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a dé òkè téńté, màmá mi bú sí orin ọpẹ́. Lójú ọ̀nà Òṣogbo, gbogbo ọkọ̀ ló yà wá sílẹ̀, kódà ọkọ̀ agbégi. Bàbá mi fi ìwé ìròyìn bo ojú, ó tún ṣí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń yan jíà fúnra rẹ̀. Bí mo bá ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sí Iwaraja, wọ́n á ti fi bẹ́líìtì de ara wọn mọ́ ìjókòó, oorun á ti gbé wọn lọ. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ga. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi máa ń kédàárò pé ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìyà. Èmi kì í bá wọn kédàárò. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ rọra tẹ iná ọkọ̀ ni, kí wọ́n lè sùn dáadáa.